Àwọ̀ Tí N Kò Fín Rí

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mò ń kun bàálù aláwòṣe kan, DC-10 ti Nigeria Airways ní ìwọ̀n 1/144, mo sì ń fi airbrush, irin kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ tú ọ̀dà jáde, fín ọ̀dà funfun sí i lára. Funfun náà jókòó dáadáa, ó tẹ́jú, ó sì ń dán, àmọ́ nígbà tí mo gbé e sún mọ́ iná, mo rí èérún pupa rúsúrúsú kan nítòsí imú bàálù náà, mo rí òmíràn lókè fèrèsé awakọ̀, mo sì tún rí ọ̀kan níbi tí apá ti so mọ́ ara. Àwọ̀ ìpẹtà ni gbogbo wọn. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn ni pé n kò ní ọ̀dà aláwọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé, n kò sì fi airbrush yẹn fín irú rẹ̀ rí.

Àlòkù ni airbrush náà. Ọwọ́ ẹni tó ti lò ó ṣáájú mi ni mo ti rà á, níbi ìpàtẹ àwọn tó ń ṣe àwòṣe níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń dán gbinrin lóde, abẹ́rẹ́ rẹ̀ tọ́, ọwọ́ ìtẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ geerege. Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ìwé ìlànà rẹ̀ wí ni mo ń ṣe: mo ń da ọ̀dà tó kù nù, mo ń nu ife rẹ̀, mo ń bu omi ìfọ̀ sí i, mo sì ń fín omi náà jáde títí yóò fi mọ́ gaara lórí tíṣù funfun. Ó sì ń mọ́ ní gbogbo ìgbà. Bí ohun tó ń jáde bá wá mọ́ tó bẹ́ẹ̀, níbo ni àwọ̀ tí n kò fín rí ti ń wá?

## Ẹ̀rí tí funfun ń jẹ́

Àwọn tó dàgbà tó láti ti wọ Nigeria Airways láti Èkó wá sí Heathrow kò ní béèrè ìdí tí mo fi fẹ́ kí funfun yẹn wà láìlábàwọ́n. Ọdún 1958 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó sì kógbá wọlé ní 2003, àmọ́ ojú ọ̀pọ̀ wa kò tíì kúrò lára funfun àti àwọ̀ ewé rẹ̀, àti erin abìyẹ́ tó jẹ́ àmì rẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ òbí wa kọ́kọ́ wọ̀ kúrò nílé, òun náà ni ó sì gbé àwọn kan nínú wọn padà. N kò lè ṣe àwòṣe irú bàálù bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ dẹngbẹrẹ.

Ìwọ̀n rẹ̀ náà kò fàyè gba ìdọ̀tí. Gígùn DC-10 gidi tó nǹkan bíi mítà 55; nígbà tí a bá pín in sí ọ̀nà 144, ó di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38, èyí tí ènìyàn lè gbé lé itan. Nítorí náà, èérún tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì mìlímítà lára àwòṣe yìí ì bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ ká ní ara bàálù gidi ni ó wà. Ẹni tó dúró sí ìta pápákọ̀ òfuurufú yóò rí i.

Nínú gbogbo àwọ̀ tí mo ti fín, funfun ni ó le jù. Kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ń fín lé ara wọn lórí, tí a ó sì máa dúró kí ọ̀kan gbẹ kí a tó fín èkejì, ohunkóhun tó bá sì bá a jáde kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ ewé tàbí dúdú ni mò ń fín lọ́jọ́ náà, àwọn èérún wọ̀nyí ì bá ti wọnú iṣẹ́ lọ láìsí ẹni tó mọ̀, èmi náà ì bá sì máa sọ fún gbogbo ayé pé irin mi mọ́ tónítóní. Èyí gan-an ló bà mí lọ́kàn jẹ́ ju bàálù náà lọ. Bàálù ṣeé tún kùn. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni pé tíṣù mi ń sọ ọ̀kan, funfun ń sọ òmíràn, n kò sì mọ èwo nínú méjèèjì ni kí n gbà gbọ́.

## Àyè tí omi kì í dé

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo tan iná méjì sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí tú irin náà pátápátá. Mo tú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì tó di abẹ́rẹ́ mú, mo sì fa abẹ́rẹ́ náà jáde. Mo tú fìlà afẹ́fẹ́ tó wà níwájú, mo sì fi sípánà kékeré inú páálí rẹ̀ tú nọ́súlù, ẹnu tí ọ̀dà ń gbà jáde, tí kò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ, tí ihò ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 0.3. Mo gbé e sókè sí iná, mo fi awò wò ó. Ó mọ́, ihò rẹ̀ yípo dáadáa, kò sì sán níbì kankan. Mo wo inú ife, ó mọ́. Mo wo abẹ́rẹ́ láti ìdí dé ṣóńṣó, òun náà mọ́. Bí mo bá dúró síbẹ̀, ǹ bá ti gbà pé inú ìgò ọ̀dà funfun ni ìdọ̀tí náà ti wá, ǹ bá sì ti lọ ra ìgò mìíràn.

Àmọ́ àwọn àgbà ti sọ pé bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ó ku ibì kan tí n kò tíì wò. Láti àwọn ọdún 1890, nígbà tí Charles Burdick, ọmọ Amẹ́ríkà tó wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní London, ti gba ẹ̀tọ́ lórí irú irin yìí, abẹ́rẹ́ kan ni ó ń gba àárín rẹ̀ kọjá láti ẹ̀yìn dé iwájú, ọ̀dà sì gbọ́dọ̀ yí abẹ́rẹ́ náà ká kí ó tó dé ẹnu nọ́súlù. Nítorí náà, lẹ́yìn ìsàlẹ̀ ife, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń lọ sí ẹ̀yìn, wọ́ṣà kékeré kan wà tó fún un mọ́ra kí ọ̀dà má baà ṣàn lọ síbi ọwọ́ ìtẹ̀. Láàárín ìsàlẹ̀ ife àti wọ́ṣà yìí, àyè tóóró kan wà tí kò gùn ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ọ̀dà ń wọ ibẹ̀ nítorí pé kò sí ohun tó dí i lọ́nà, àmọ́ kì í jáde, nítorí pé iwájú ni afẹ́fẹ́ ń fa ohun gbogbo sí. Omi ìfọ̀ náà, iwájú ni ó ń lọ. Ó ń ti inú ife bọ́ sí nọ́súlù, ó ń jáde ní mímọ́ gaara, kì í sì í yà sẹ́yìn.

Mo rẹ búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tí a fi ń fọ àárín eyín sínú tínà lákà, omi tó ń yọ́ ọ̀dà, mo tì í wọ àyè náà, mo yí i sọ́tùn-ún sósì, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo fà á jáde tí mo nù ún sórí tíṣù, pupa rúsúrúsú ni. Àwọ̀ náà gan-an ni, kò sí àní-àní. Mo tún rẹ ẹ́, mo tún tì í wọlé, àwọ̀ iyanrìn ni ó sì gbé jáde lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́búlẹ́bú díẹ̀díẹ̀ tí ó ń yọ̀ bí tínà ti ń kàn án. Nígbà tí mo tún ṣe bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn ni mo rí. Àwọ̀ mẹ́ta ló tẹ́ síwájú mi, èyí tó gbẹ̀yìn wọlé ni ó kọ́kọ́ jáde.

Ẹni tó bá mọ àwòṣe ọkọ̀ ogun yóò ti mọ ohun tí mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1943 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì ti ń fi àwọ̀ iyanrìn kun ọkọ̀ ogun wọn ní ìpìlẹ̀, tí wọ́n á sì wá fi àwọ̀ ewé àti pupa rúsúrúsú ya ìlà àti àbàwọ́n sí i lára kí ó lè fara pamọ́ fún ọ̀tá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lórí tíṣù mi. Ẹni tó ni irin yìí ṣáájú mi ti fi í kun ọkọ̀ ogun, mo sì rò pé ó kun púpọ̀, nítorí ìpele náà nípọn. N kò rántí ojú rẹ̀ mọ́, a kò sì sọ̀rọ̀ ju ọ̀rọ̀ owó lọ nígbà tí mo ra irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ mo jókòó tí mò ń ka ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ nínú àyè tí ìka mi kò lè wọ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù láti mọ̀ ni ìdí tí àwọ̀ náà fi dúró di ìgbà tí mo ń fín funfun kí ó tó jáde. Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn nígbà tí mo rò ó. Ọ̀dà olómi, èyí tí a ń fi omi pò, ni mo ti ń fín láti ìgbà tí mo ti ra irin náà, omi ni mo sì fi ń fọ̀ ọ́. Omi kò sì lè ṣe ọ̀dà tó ti gbẹ sínú irin ní nǹkan kan. Funfun yìí ni lákà, ọ̀dà tí a ń fi tínà pò, àkọ́kọ́ tí mo bù sí i. Tínà tó wà nínú rẹ̀ ni ó dé ẹnu àyè náà, tó rọ ohun tó ti le, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí bù ú lọ ní èérún-èérún. Ọ̀dà funfun mi ni ó bá ẹni yẹn fọ irin rẹ̀, ara bàálù mi ni ó sì da ẹ̀gbin náà sí.

Mo fi sáńpépà tó fẹ́lẹ́ jù lọ àti omi họ àwọn èérún náà kúrò, mo tún funfun fín, ó sì jáde dáadáa.

## Ọ̀dà tó rọ̀ lójú

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú nípa ohun tí gbígbẹ ọ̀dà jẹ́ gan-an, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ fífọ airbrush dá lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ìwé ìlànà tí mo rí kò kọ ju gbólóhùn kan lọ nípa rẹ̀. Gbogbo ọ̀dà ni ojú ń rí bí ohun tó ń gbẹ, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbẹ kò rí bákan náà.

Lákà ni ó rọrùn jù láti yé ènìyàn. Ohun tó ń di awọ ọ̀dà ti yọ́ sínú tínà. Nígbà tí tínà bá fẹ́ lọ, awọ náà yóò ṣẹ́ kù. Bí a bá tún da tínà sí i, kódà lẹ́yìn ọdún kan, yóò tún yọ́. Ẹnámẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ sí i: òróró inú rẹ̀ ń gba ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń so mọ́ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, débi pé ohun tí a fi pò ó lánàá kò ní lè tú u nígbà tó bá ti so tán. Àkírílíkì olómi ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ohun tó ń di awọ rẹ̀ kò yọ́ sínú omi rárá. Ẹyọ kéékèèké tí ojú kò lè rí ni, tí wọ́n ń léfòó káàkiri inú omi náà. Bí omi bá ti ń lọ, àwọn ẹyọ náà ń sún mọ́ ara wọn, wọ́n ń fún ara wọn pọ̀, títí wọn yóò fi di awọ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà lọ, omi tó gbé wọn wá kò lè gbé wọn lọ mọ́.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ronú sí i dáadáa. Àkírílíkì olómi ni gbogbo wa máa ń sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ rà. Kò rùn, kò léwu bíi lákà, omi lásán ni a sì fi ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, èmi náà ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi ń rọ̀. Ní ṣóńṣó abẹ́rẹ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láìdúró, kì í tó ìṣẹ́jú náà pàápàá. Ní ìgbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti fa ọ̀rinrin inú ilé gbẹ, mo máa ń rí i tí ọ̀dà ń dì sí orí abẹ́rẹ́ kí n tó parí apá kan. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé nígbà ọyẹ́ yóò bá ìṣòro kan náà pàdé.

Ohun tí a ń sanwó lé lórí ni pé kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ nǹkan kí ó má sì ṣí mọ́. Ọ̀dà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ara bàálù àti inú irin, ìlérí tó ṣe fún wa níhìn-ín náà ni ó ń mú ṣẹ lọ́hùn-ún. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé àkókò ni ó ń fọ airbrush, kì í ṣe agbára. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tó bá fọ irin rẹ̀ láàárín àwọ̀ kan sí èkejì, nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, yóò fi omi díẹ̀ ṣe ohun tí ẹni tó dúró di ọ̀la yóò fi tínà, búrọ́ọ̀ṣì àti ìdajì ọjọ́ ṣe.

## Títú àti àìtú

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ àwòṣe kò fẹnu kò lórí iye ìgbà tó yẹ kí a máa tú airbrush. Àwọn kan ní kí a tú u pátápátá lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá lò ó. Àwọn mìíràn ní títú yẹn gan-an ni ó ń ba irin jẹ́, pé kí a fín omi ìfọ̀ gbà á kọjá kí a sì fi í sílẹ̀. Mo ti gbọ́ tẹnu ẹgbẹ́ méjèèjì, ohun tí mo sì rí ni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ẹ̀yà irin náà ni títú ń pa lára bákan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nọ́súlù ni títú ń pa lára. Nínú ọ̀pọ̀ airbrush Iwata, ti ilẹ̀ Japan, nọ́súlù jẹ́ oníṣíkúrù, ìdí rẹ̀ sì tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí sípánà tó bá fún un jù díẹ̀ lè kán an sínú. Harder & Steenbeck ti Jámánì gba ọ̀nà mìíràn: nọ́súlù tiwọn kò ní ṣíkúrù, ńṣe ni a ń kì í bọ àyè rẹ̀ tí ohun tó wà níwájú yóò sì dì í mú. Ẹni tó ń lo èkejì lè máa tú u bó ṣe wù ú. Ẹni tó ń lo àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ máa tú u láìnídìí.

Ti abẹ́rẹ́ yàtọ̀. Fífà á jáde kò léwu, bí a bá ti ṣọ́ ṣóńṣó rẹ̀, nítorí pé ṣóńṣó tó bá tẹ̀ díẹ̀ yóò máa gbá ọ̀dà jọ, yóò sì máa tú u sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà tí a bá ń dá a padà ni kí a ṣọ́ra jù. Nọ́súlù ni kí ó kọ́kọ́ wà ní ipò rẹ̀, kí a wá ti abẹ́rẹ́ wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó bá fi ipá tì í yóò la ẹnu nọ́súlù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. N kò mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ tó ẹnu ihò mìlímítà 0.3.

Ìpinnu tèmi ni pé ní òpin ọjọ́ iṣẹ́, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jáde, búrọ́ọ̀ṣì sì gbọ́dọ̀ wọ àyè tó wà lẹ́yìn ife. Nọ́súlù lè dúró títí a ó fi rí àmì. Bí a bá tẹ afẹ́fẹ́ tí ọ̀dà inú ife bẹ̀rẹ̀ sí hó, afẹ́fẹ́ ń gba ìdí nọ́súlù padà sẹ́yìn nìyẹn, bóyá nítorí pé kò jókòó dáadáa tàbí pé ó ti sán. Bí ọ̀dà bá ń jáde nígbà tí a tẹ afẹ́fẹ́ nìkan, tí a kò fa ọwọ́ ìtẹ̀ sẹ́yìn, ohun kan ń dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ láti jókòó sí ẹnu ihò rẹ̀. Ìgbà náà ni kí a wá sípánà.

Nínú gbogbo ọ̀nà ìfọ̀ tí kò gba títú, ọ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́kàn lé, òun ni dídí ẹnu irin náà pẹ̀lú tíṣù nígbà tí omi ìfọ̀ díẹ̀ bá wà nínú ife, kí a wá tẹ afẹ́fẹ́, kí a sì fa ọwọ́ ìtẹ̀ sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà lọ síwájú yóò yí padà wọ inú ife, omi yóò sì hó kùtùkùtù. Òun nìkan ni ó ń ti omi lọ sẹ́yìn, síbi tí ìdọ̀tí ń jókòó sí. Kí ife má kún, kí a sì dé e, kí ó má baà ta sójú.

Nípa ohun tí a fi ń fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Bàbà àti síǹkì ni a fi ṣe ọ̀pọ̀ airbrush kí a tó fi króómù bò wọ́n, amóníà sì jẹ́ ọ̀tá bàbà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ irin rẹ̀ sínú omi ìnu-gíláàsì tó ní amóníà. Tínà lákà a máa mú kí òrùka rọ́bà wú, ẹ yọ wọ́n kí ẹ tó rẹ irin sí i. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sì wọ ìbòmú tó ní àsẹ́ fún òórùn kẹ́míkà, kì í ṣe ti aṣọ lásán. Ìgbà ìfọ̀ náà léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí tínà gidi ni a ń fín sínú afẹ́fẹ́, láìsí ọ̀dà nínú rẹ̀.

## Ọmọ iṣẹ́ àti inú irin

Ẹni tó bá ti dúró rí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kun mọ́tò, yálà ní Mushin tàbí ní Ìbàdàn, yóò ti rí ọmọ iṣẹ́ tó jókòó ti agolo tínà, tó ń fọ ìbọn ọ̀dà ọ̀gá rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ fún un pé kó fi í di ọ̀la. Ọ̀dà mọ́tò tí a ń po mọ́ èyí tó ń mú un le kì í dúró de ènìyàn. Bó bá le sínú ìbọn, kò sí tínà tí yóò tú u mọ́, owó ìbọn tuntun sì ni ọ̀gá yóò wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo iṣẹ́ yìí bí ìyà tí a fi ń jẹ ọmọ iṣẹ́, pé kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, pé fífọ irin lásán ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ yẹn ti mọ inú ìbọn náà kí a tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìtẹ̀ rẹ̀. Ó ti mọ ibi tí ọ̀dà ń gbà, ó ti mọ ibi tó ń sá sí, ó ti mọ wọ́ṣà tó máa ń kọ́kọ́ jẹ. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá ní kí ó kun ìlẹ̀kùn mọ́tò, ìgbà tí ìbọn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí tutọ́, kò ní máa wo ojú ọ̀dà, inú irin ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ. Àwa tí a ń ṣe àwòṣe nínú yàrá tiwa, tí kò sí ọ̀gá kankan lórí wa, a yí ètò yìí po. Ọjọ́ tí a ra airbrush ni a ń fi í kùn, a kì í sì í rí inú rẹ̀ títí ohun kan yóò fi bàjẹ́.

Nítorí náà, n kò lè bínú sí ẹni tó ta irin rẹ̀ fún mi. A máa ń wí pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n ẹni yẹn kò jẹ àjẹìwẹ̀yìn. Ó tọ́jú ohun tí ojú rẹ̀ tó. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tẹ̀, nọ́súlù rẹ̀ kò sán, ẹni tí kò bìkítà kò lè lo irin tó báyìí kí ẹ̀yà rẹ̀ tó gbẹgẹ́ jù wà láìfarapa. Ó fi omi fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́, ó sì gbà pé ó ti mọ́, bí èmi náà ti gbà.

Mo ti ń rí irú rẹ̀ níbòmíràn láti ìgbà náà. Ènìyàn gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ̀yìn tì, ó bá fáìlì ní títò, ó bá àkọsílẹ̀ ní kíkọ, ohun gbogbo sì ń lọ geere fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lọ́jọ́ tí àyẹ̀wò tó le ju ti tẹ́lẹ̀ bá dé ni gbèsè tí kò jẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọjú, òun ni yóò sì dúró dáhùn. Ohun tó ń lọ geere lójoojúmọ́ kò sọ nǹkan kan fún wa nípa àwọn ibi tí nǹkan kì í gbà kọjá. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ẹni tó ń gbé nǹkan lé wa lọ́wọ́ ni pé: ibo ni ọwọ́ rẹ kò dé rí?

Ẹni tó bá fẹ́ ra airbrush àlòkù, kí ó sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó tú u lójú òun, kí ó fa abẹ́rẹ́ jáde, kí ó sì jẹ́ kí òun wo ẹ̀yìn ife pẹ̀lú iná. Ẹni tó ń tà á tọkàntọkàn kò ní kọ̀. Tó bá gbé e délé, kí ó bu tínà lákà sí i kí ọ̀dà kankan tó kàn án, kí ó dúró díẹ̀, kí ó dí ẹnu rẹ̀ kí omi náà hó lọ sẹ́yìn, kí ó wá fín in sórí bébà funfun.

Bí ọmọ kan bá sì wà nínú ilé tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ gbé ọ̀dà fún un. Ẹ fún un ní airbrush gbígbẹ, kí ó tú u, kí ó tò ó, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ń dúró láìsí pé a sọ fún un. Kí ó wá fi omi lásán ya ìlà sórí bébà. Lẹ́yìn náà ni kí ó fín dúdú, kí ó fọ irin náà bí ó ti mọ̀ ọ́n fọ̀, kí ó sì fín funfun sórí páálí funfun. Bí funfun náà bá ní àwọ̀ eérú nínú, kò nílò ìbáwí ẹnikẹ́ni. Kí ó padà lọ fa abẹ́rẹ́ náà jáde.